Fọ́ọ̀mù owó orí lórí bébà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ yé fi ọwọ́ ara yín ra ìtanràn

Lọ́dọọdún, tí oṣù Kìíní bá ti wọlé, ariwo kan náà ni wọ́n ń pa sí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí: "HMRC jà mí lólè!" Kò sẹ́ni tó jà wọ́n lólè. Awakọ̀ takisí, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tó tún ń ṣòwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aránṣọ, alásè, owó tí wọ́n fi òógùn wá ni wọ́n ń kó dànù nítorí ọjọ́ tí wọn ò kà àti lẹ́tà tí wọn ò ṣí. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ fún Self Assessment (ètò tí èèyàn fi ń ròyìn owó tó wọlé fún un fúnra rẹ̀), tó ti gba UTR (nọ́ńbà owó orí tirẹ̀), tó sì fẹ́ fi bíírò kọ SA100, fọ́ọ̀mù owó orí náà, ni mò ń bá wí.

1. Ẹ má fi ọjọ́ àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì ṣe tiyín. Tiwọn ni ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Ti bébà ni ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Fún ọdún owó orí tó parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2026, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2026 ni, Sátidé ló sì bọ́ sí. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Tó bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, £100 ni, kódà bí ẹ ò jẹ gbèsè kọ́bọ̀. Tó bá kọjá oṣù mẹ́ta, £10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 90, ìyẹn £900. Tó bá pé oṣù mẹ́fà, £300 tàbí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó orí náà, èyí tó bá pọ̀ jù. Tó bá pé oṣù 12, irú rẹ̀ mìíràn.

Tí ọjọ́ bá ti kọjá lórí yín, tí bébà náà ṣì wà nílé, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní tó kọjá, kò ní sí ìtanràn. Àmọ́ tí ẹ bá ti fi bébà tó pẹ́ ránṣẹ́, £100 ti dé nìyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì ò lè pa á rẹ́ mọ́.

2. Ẹ buwọ́ lù ú. Èyí tí kò bá ní ìbuwọ́lùwé, wọ́n á dá a padà, ọjọ́ ò sì ní dúró dè yín.

3. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó tó kúrò nílé, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní Post Office. Ọ̀fẹ́ ni.

4. SA100 nìkan kì í tó. Iṣẹ́ oṣù ní àfikún fọ́ọ̀mù tirẹ̀, SA102, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òwò ní SA103S, tí owó tó wọlé lọ́dún bá kéré sí £90,000. Ilé tí ẹ fi háyà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní SA105. Awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lọ́sàn-án á kọ takisí nìkan, á ní wọ́n ṣáà ti yọ owó orí iṣẹ́ oṣù. Wọ́n ti yọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ owó oṣù náà àti owó orí tí wọ́n yọ, bó ṣe wà lórí P60, ìwé àkọsílẹ̀ owó oṣù ọdún tí ilé iṣẹ́ fún yín. Ẹ má fi P60 tàbí rìsíìtì sínú àpòòwé o, ẹ tọ́jú wọn sílé. Ẹ má kọ pẹ́ńsì: ẹ yọ pẹ́ńsì kúrò nínú owó tó wọlé, ẹ sún ìnáwó sókè sí pọ́n-ùn tó tẹ̀ lé e. Òfin gbà á, èrè yín sì ni.

Ilé tó wà ní Ìbàdàn ń kọ́? Ẹni tó bá jẹ́ olùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ òfin owó orí gbọ́dọ̀ kọ owó ilé náà sínú SA106, bí owó náà ò tiẹ̀ kúrò ní báǹkì Nàìjíríà. Ẹ ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn, ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó orí tí wọ́n ti yọ ní Nàìjíríà, torí ẹ lè béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú ti ibí. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2025, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá léra níta kó tó dé lè béèrè ìdásílẹ̀ lórí owó òkèèrè fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ béèrè, àmọ́ £12,570 tí wọn kì í gba owó orí lé lórí á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó bá béèrè.

Wàyí o, owó àsansílẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ariwo olè ti ń wá, ó sì ń dùn mí, torí ogun àwítẹ́lẹ̀ ni. Tí owó orí tó kù fún yín láti san bá ju £1,000 lọ, tí èyí tí wọ́n ti yọ níbi iṣẹ́ oṣù kò sì ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó orí yín lọ, HMRC á ní kí ẹ san ti ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ ní ìdajì méjì: ọjọ́ 31 oṣù Kìíní àti ọjọ́ 31 oṣù Keje.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ yín ni 2025/26, owó orí yín sì jẹ́ £2,400. Lóṣù Kìíní 2027, kì í ṣe £2,400 lẹ máa san. £2,400 ọ̀hún ni, pẹ̀lú ìdajì rẹ̀, £1,200: ó di £3,600. Lóṣù Keje 2027, £1,200 mìíràn. Tí owó orí 2026/27 bá wá jẹ́ £2,800, ẹ ti san £2,400 nínú rẹ̀. £400 ló kù, pẹ̀lú àsansílẹ̀ tuntun £1,400: £1,800 lóṣù Kìíní 2028. Ẹ rí i pé wọn ò gba owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló ń wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọdún àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi owó pamọ́ jù. Fún oníṣòwò tí kò níṣẹ́ oṣù, tí kò sì tíì dé ìpele owó orí gíga, £26 ni ti HMRC nínú £100 èrè kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá £12,570: £20 owó orí, £6 National Insurance (owó adójútòfò ìjọba). Ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e torí àsansílẹ̀, ó di £39. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, sínú àkáǹtì tí káàdì ò lè dé.

Tí òwò bá rọ̀ lóòótọ́, fọ́ọ̀mù SA303 lẹ fi ń sọ pé kí wọ́n dín àsansílẹ̀ kù. Àmọ́ àwọn kan á kọ òdo síbẹ̀ torí pé ọwọ́ wọn dí. Tí èrè ò bá dínkù, wọ́n á gba èlé lórí gbogbo ohun tí ẹ dín.

Ẹni tó níṣẹ́ oṣù, tí gbèsè rẹ̀ kò tó £3,000, tí bébà rẹ̀ sì dé kí oṣù Kẹwàá tó parí, HMRC lè máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Àpótí kan wà nínú fọ́ọ̀mù fún ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn á kàn fi X síbẹ̀ láìkà á.

Ẹ má jókòó de ìwé gbèsè. Bí kò tiẹ̀ dé, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ò yẹ̀. Lọ́dún 2027, Sunday ni, nítorí náà owó tí kì í ṣe Faster Payments (ìfowóránṣẹ́ báǹkì tó ń yára dé) tàbí káàdì gbọ́dọ̀ ti dé lọ́jọ́ Friday. Bacs, ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ báǹkì mìíràn, ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, wọn kì í sì í gba káàdì àwìn ti ara ẹni.

Nọ́ńbà ìsanwó ni UTR oní-nọ́ńbà mẹ́wàá yín, kí ẹ wá fi lẹ́tà K lé e láìfi àyè sílẹ̀. Kì í ṣe orúkọ yín, kì í ṣe nọ́ńbà National Insurance. Owó tí nọ́ńbà rẹ̀ ò pé lè sùn síbì kan láìwọ àkáǹtì yín, tí èlé á sì máa gorí gbèsè. Tó bá jẹ́ ìwé sọ̀wédowó, "HM Revenue and Customs only" lẹ máa kọ sí, kí UTR tẹ̀ lé e. Ẹ má fi píìnì kan án mọ́ bébà.

Tí owó ò bá sí, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ìtanràn fọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ti owó. Tí gbèsè bá pẹ́ tó ọjọ́ 30, wọ́n á fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e, yàtọ̀ sí èlé. Tí gbèsè yín kò bá ju £30,000 lọ, tí fọ́ọ̀mù yín sì ti pé lọ́dọ̀ wọn, ẹ lè ṣètò Time to Pay, àdéhùn láti máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ 60 lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó tó kọjá. Àmọ́ kí àdéhùn náà ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ 30 tó pé, kí ìdá márùn-ún yẹn má bàa bà lé yín.