Rífà kì í sọ ẹja di yìnyín: àwọn àṣìṣe tó ń ba oúnjẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Àpápá

Tí edé tàbí iṣu bá gúnlẹ̀ sí òkè òkun tó ti ń rùn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo ènìyàn máa ń di ẹ̀bi rù. Lóòótọ́, ẹ̀rọ kọ̀ńténà lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú agbami. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹrù tó bàjẹ́ ló jẹ́ pé ohun tó bà á jẹ́ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn rò pé rífà, ìyẹn kọ̀ńténà tó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, yóò sọ ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di yìnyín. Fúláàsì kì í se omi, gbígbóná tó bá lára omi ló ń pa mọ́. Òtútù tó bá wà lára ẹrù ni rífà náà ń pa mọ́. Agbára rẹ̀ kò gbé e láti fa ooru kúrò lára ẹja tọ́ọ̀nù 25 tí kò tíì dì tán. Bí edé bá wọlé ní dígírì 8 lábẹ́ òdo, páálí ẹ̀gbẹ́ lè tutù sí i, àmọ́ ti àárín yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Dígírì 18 lábẹ́ òdo ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù là sílẹ̀ fún oúnjẹ dídì, ara oúnjẹ náà ni wọ́n sì ń wọ̀n, kì í ṣe afẹ́fẹ́ yàrá. Nítorí náà, ẹ yọ páálí kan láàárín, ẹ lu ihò sí ẹja kan lára, kí ẹ sì ti tẹmomítà bọ̀ ọ́. Ọmọ kóòdù-rúùmù á ní, “Ó ti dì, ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án.” Ẹ má gbà. Ẹja tó wà ní dígírì 5 lábẹ́ òdo náà máa ń le koránkorán lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn gbọ́ èyí tán, wọ́n wá ṣe é láṣejù: wọ́n tan ẹ̀rọ rífà sílẹ̀ láti àná kí inú rẹ̀ lè ti tutù. Ìyẹn dára níbi tí ẹnu kóòdù-rúùmù bá ti so mọ́ ẹnu kọ̀ńténà, tí afẹ́fẹ́ ìta kò lè ráyè wọlé. Ní yáàdì gbalasa l'Ékòó, bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn báyìí, ooru àti ọ̀rinrin yóò ya wọlé, omi á sẹ̀ sára ògiri àti sára páìpù ẹ̀rọ, omi náà á di yìnyín, ẹ̀rọ á sì máa fi àkókò tó yẹ kó fi tu ẹrù yọ́ yìnyín ara rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí. Ẹ kó ẹrù kíákíá, ní òru tàbí ní ìdájí, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tó tan án.

Èyí tó kàn jẹ mọ́ ìháwọ́ wa. Ẹni tó san owó kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 40 kì í fẹ́ kí àyè kankan ṣòfò, ló bá ní kí wọ́n to páálí kan òrùlé. Ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ti ń wá nínú rífà, láàárín àwọn irin tó là lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń gòkè, ó sì ń gba òkè padà sínú ẹ̀rọ. Ìlà pupa tó wà lára ògiri kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹrù tó bá kọjá rẹ̀ ti dí ọ̀nà àbọ̀ afẹ́fẹ́. Bákan náà, ilẹ̀ tí ẹ bá fi sílẹ̀ lófo nídìí ilẹ̀kùn ni afẹ́fẹ́ yóò máa gbà jáde láìdé ọ̀dọ̀ ẹrù, torí náà ẹ fi páálí líle bò ó. Ohun tó ti dì, ẹ tò ó fún pinpin, nítorí ó tó kí òtútù yí i ká. Ohun tó wà láàyè, bí iṣu tàbí máńgòrò, ń mí, ó sì ń mú ooru jáde. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ihò páálí òkè sì ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀.

Iṣu gan-an ló ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣe ayẹyẹ ní Èkó láti fi iṣu tọ́ọ̀nù 72 ránṣẹ́ sókè òkun, mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, Audu Ogbeh, ló ṣí i. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé èyí tó lọ sí Amẹ́ríkà ti jẹrà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn kan rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n máa fi òtútù púpọ̀ pa iṣu mọ́. Àṣìṣe míì nìyẹn. Bí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju dígírì 12 lọ fún ọjọ́ pípẹ́, inú iṣu á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ kò ní mọ̀ lójú òkun, ọjọ́ tó bá bọ́ sí ooru ní ìsọ̀ ni yóò rà. Dígírì 13 sí 16 ló bá a mu, kí fèrèsé afẹ́fẹ́ rífà sì ṣí díẹ̀. Fèrèsé yìí kan náà gbọ́dọ̀ wà ní títì pa fún ẹja dídì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò fẹ́ ohun tó kéré sí dígírì 13: èèpo rẹ̀ á dúdú, kò sì ní pọ́n dáadáa. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kó iṣu àti ẹja dídì sínú kọ̀ńténà kan kí owó lè dín kù, ọ̀kan nínú méjèèjì ló fẹ́ sọ nù.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù tí ẹ fi gba kọ̀ńténà dáadáa. Oníbàárà tó wà ní Houston l'Amẹ́ríkà lè kọ̀wé pé òun fẹ́ “0”, Fahrenheit, òṣùwọ̀n ooru tiwọn, ló sì ń sọ, tí í ṣe dígírì 18 lábẹ́ òdo lọ́dọ̀ tiwa. Bí ejẹ́ǹtì tó ń bá yín ṣètò ẹrù bá tẹ òdo Celsius, òṣùwọ̀n tiwa, edé yóò máa rọ̀ bọ̀ lọ́nà. Àmì kékeré tó wà níwájú 18 pàápàá, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà: “lábẹ́ òdo”.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Orí tírélà kò ní iná. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n so mọ́ kọ̀ńténà ló ń fún un ní agbára, awakọ̀ kan sì lè pa á lóru kí ó lè tọ́jú epo dísẹ́ẹ̀lì. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021 tí àjọ àwọn èbúté ti gbé ètò Ẹ̀tọ́ kalẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tírélà ti ń gba ààyè kó tó wọ Àpápá. Ẹ gba ààyè yẹn kí ẹ tó kó ẹrù. Kí ẹ sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ òtútù sílẹ̀ sáàárín ẹrù, kì í ṣe sídìí ilẹ̀kùn nìkan. Òun ni yóò sọ wákàtí tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Òtútù kò sì lè wo ìwé sàn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹja àrọ̀ ní kíkún gẹ́gẹ́ bí ẹran, Nàìjíríà kò sì sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fún láyè. Yálà ó dì tàbí wọ́n yan án, wọn yóò gbà á dànù ni. Edé wa ń wọ Yúróòpù ní tirẹ̀, bí ìwé ẹ̀rí ìlera bá pé.

Ìbánigbófò ni èèyàn máa ń kà gbẹ̀yìn. Nínú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Institute Frozen Food Clauses, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti dúró fún wákàtí 24 gbáko láìjí kí wọ́n tó sanwó nítorí pé ó bàjẹ́. Bó bá kú fún wákàtí 10, tó jí, tó tún kú fún 10, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ru àdánù náà. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tí yóò gba ẹrù lọ́hùn-ún: kí ó ya àwòrán kó tó já páálí kankan, kí ó wọn ara ẹja fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá, nítorí ìyẹn ni Hague-Visby, òfin àgbáyé lórí ẹrù ojú omi, fi sílẹ̀ fún ìbàjẹ́ tí ojú kò tètè rí.