Bí A Ṣe Lè Fi Òkúta Ẹ̀gbá Dá Iṣẹ́ Òkúta Ọ̀ṣọ́ Sílẹ̀

Kwárì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, pọ̀ lágbègbè Ọ̀dẹ̀dá nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń po kọnkéré ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde níbẹ̀. Òkúta ọ̀ṣọ́, ìyẹn gíráníìtì dídán tí à ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń ti òkè òkun wá. Ó ń dùn mí, torí òkúta wà nílẹ̀ wa.

Ẹ kọ́kọ́ yan àpáta. (Èyí tí àwọn ará ìlú ń bọ, irú Olúmọ, ẹ má tilẹ̀ rò ó.) Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò: ojú ibi tó bá ti sán kì í tètè gbẹ. Ẹ fi òòlù lù ú. Èyí tó dá múṣé á dún gooro, èyí tó ti là nínú á dún bíi pé nǹkan dí i lọ́nà. Ibi tó bá ní àmì ìpẹtà, ẹ fi í sílẹ̀, torí yóò ba àwọ̀ táìlì jẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 fi ohun alumọ́ọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Mining Cadastre Office, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ìwakùsà, ló sì ń fúnni láṣẹ. Òfin kan náà ní kí ẹ bá ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè lọ bá baálẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ọjà jẹ́ ni yíyọ òkúta. Dáínámáìtì tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ máa ń la òkúta ọ̀ṣọ́ nínú. Ẹ lu ihò tò lórí ìlà kan, ẹ ki irin pẹlẹbẹ méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi èèkàn irin há wọn láàárín. Ẹ máa lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ má kánjú. Ohùn irin á yí padà, òkúta á sì là gbọọrọ. Búlọ́ọ̀kù, ìyẹn odindi òkúta onígun tí ẹ yọ, tó bá jẹ́ mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga, wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.7, nítorí náà ẹ ti ṣètò kíréènì sílẹ̀.

Èyí tí kò bá ṣeé fi ṣe búlọ́ọ̀kù á pọ̀. Ẹ fi ṣe òkúta ojú oórì, àga ọgbà àti ẹ̀bá títì. Òun ni mo fẹ́ kí ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gé òkúta ní gbígbẹ láéláé! Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì sí oògùn tó lè tún un ṣe. Ẹ máa da omi sí i, kí ẹ gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ funfun tó bá jáde á ti silẹ̀, kó má ba odò ẹlòmíì jẹ́. Omi tó bá tòrò, ẹ tún un lò.

Ẹ wá gbé àpẹẹrẹ tó ti dán lọ bá àwọn ayàwòrán ilé àti kọ́ńtírátọ̀. Ẹ má gba iṣẹ́ tó ju ohun tí kwárì yín lè pèsè lọ, torí àwọ̀ òkúta ibòmíì kò ní bá tiyín mu.