Kí A Tó Da Yúríà Sí I: Bí Mo Ṣe Dá Àrùn Ìrẹsì Mọ̀ ní Èjìbà

Ní ilẹ̀ Yàgbà, bí ewé ìrẹsì bá ti ń yí padà báyìí, yúríà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń sáré lọ rà. Wọ́n á ní ebi ló ń pa á. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tó jẹ́ pé yúríà àpọ̀jù ló ń mú un gbilẹ̀, owó ajílẹ̀ á sì di owó tí àgbẹ̀ fi bọ́ ọ̀tá oko ara rẹ̀. Èyí dùn mí púpọ̀, òun ló sì jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Oko tí mo ti bẹ̀rẹ̀ wà nítòsí Èjìbà, lápá ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń lo omi odò Kámpé. Ìyá tó ni oko ti dúró dè mí.

“Òkun o, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n tún da yúríà sí i.”

“Òkun o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná.”

Ara ewé ni mo ti wò ó. Àrùn méjì ló máa ń da àgbẹ̀ láàmú níbí, wọ́n sì fara jọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní blast: àpá rẹ̀ gùn lọ bí ewé ṣe gùn, ó ṣe ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní àwọ̀ eérú, etí rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Èkejì ni brown spot: àpá rẹ̀ kéré, ó rí roboto, ó sì pọ́n látòkè délẹ̀. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ni èkejì yìí fẹ́ràn jù, nítorí náà ajílẹ̀ lè dín in kù. Kì í ṣe àrùn kékeré o. Wọ́n kà á mọ́ ohun tó dá kún ìyàn ńlá tó mú ní Bengal, lápá Íńdíà, ní 1943. Ẹ wá rí i pé ohun tó ń wo brown spot sàn ló ń mú blast burú sí i. Bí àpá bá sì ṣì kéré, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi já ewé náà dání lọ sí Kàbà, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ yàrá ìwádìí.

Inú àpòòwé ni kí ẹ kó ewé sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń làágùn, kí ẹ tó délé, oríṣiríṣi nǹkan mìíràn á ti bù lórí ewé náà.

Mo gé ewé náà wẹ́wẹ́, kí àpá àti ibi tí ara rẹ̀ ṣì le jọ wà lórí ègé kọ̀ọ̀kan. Mo rì wọ́n sínú omi Jik tí mo là fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo fi omi tó mọ́ ṣàn wọ́n, mo tẹ́ wọn sórí ìwé tútù nínú abọ́ dígí pẹlẹbẹ, mo sì bò ó. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Láàárín ibi tó dà bí eérú yẹn, igi tín-ín-rín ti hù jáde, hóró tí àrùn fi ń ràn sì so sórí wọn. Ìdí hóró kọ̀ọ̀kan fẹ̀, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ògiri méjì sì pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́ta. Blast ni. Ká ní brown spot ni, hóró rẹ̀ ì bá gùn, ì bá tẹ̀ kọdọrọ, ògiri inú rẹ̀ ì bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ fúngọ́ọ̀sì, ohun ẹlẹ́mìí bí èbu tó ń fa blast, ni Magnaporthe oryzae.

Hóró ẹyọ kan ni mo fi abẹ́rẹ́ dígí mú, kí n lè mọ̀ pé ìran kan ṣoṣo ni mo ń tọ́. Mo se óòtì, mo sẹ́ ẹ, mo fi ágà dì í, mo sì gbé e sínú ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Orí rẹ̀ ni mo gbin hóró náà sí. Nígbà tó hù dáadáa, mo gbé e sábẹ́ iná gílóòbù kó lè so.

Ibi tí ọkàn mi fà sí jù lọ rèé. Mo kán omi tí hóró wà nínú rẹ̀ sórí ọ̀rá líle kan tí omi kì í lẹ̀ mọ́, torí bí ara ewé ìrẹsì ṣe rí náà nìyẹn. Hóró náà pọ gọ́ọ̀mù láti orí rẹ̀, ó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó yọ ọwọ́ kan, orí ọwọ́ náà wú, ó ṣe roboto, ó sì ń dúdú sí i. Àwọ̀ dúdú yẹn, melanin, ni kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ jò jáde bí omi ṣe ń wọ inú rẹ̀. Agbára tó ń kó jọ síbẹ̀ lè tó 8 MPa, ìyẹn bí ìlọ́po 40 afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò. Agbára yìí ló fi ń gún ewé wọlé. Oògùn tricyclazole kì í pa á ní tààrà. Kì í jẹ́ kí fúngọ́ọ̀sì náà rí melanin yẹn ṣe ni, kò sì ní lè gún ewé wọlé mọ́.

Ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ wà lórí ewé fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí gbogbo èyí tó lè ṣẹlẹ̀. Òru ni hóró máa ń fò jù, ìrì wa nílẹ̀ yìí kì í sì í tètè gbẹ lópin òjò. Ó jẹ́ àsìkò tí ṣírí ń yọ gan-an. Bó bá mú ọrùn ṣírí, ọrùn á pọ́n, á kán, ṣírí á funfun, kò ní sí nǹkan nínú èèpo. Ẹ̀rù tèmi wà níbẹ̀ ju ti ewé lọ.

Rírí i lára ewé tó ń ṣàìsàn kò tíì tó ẹ̀rí. Òfin tí Robert Koch ará Jámánì fi lélẹ̀ ni pé kí a fi í sára ohun tó lera, kó mú àrùn kan náà wá, kí a sì tún yọ ọ́ jáde níbẹ̀. Mo fín in sára ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ewé mẹ́ta sí mẹ́rin, hóró 100,000 nínú mílílítà kan, mo fi ọ̀rá bò wọ́n nínú òkùnkùn fún ọ̀sán àti òru kan. Omi lásán ni mo fín sí àwọn mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àpá ṣóńṣó yẹn ti kún ara àwọn tí mo fín. Àwọn olómi mọ́ tónítóní. Mo tún bá hóró oníyàrá mẹ́ta yẹn lára àwọn tó ṣàìsàn.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ Ìyá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má da yúríà sí oko tó ti ní àpá. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n pín in díẹ̀díẹ̀ dípò kí wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Kí omi má gbẹ nínú oko, kí wọ́n kó pòròpórò kúrò lẹ́yìn ìkórè, kí wọ́n má sì mú irúgbìn láti ara ṣírí tó funfun. Wọ́n bi mí pé èwo ni kí wọ́n wá gbìn.

Ìbéèrè yẹn ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Irú ìrẹsì méjì, FARO 44 àti FARO 52, ti hù nínú agolo lẹ́yìn yàrá ìwádìí, hóró tí mo mú láti oko Ìyá ni mo sì máa fín sí àwọn méjèèjì.