Bí ọbẹ̀ wa ṣe tún dùn láìsí àlùbọ́sà nínú rẹ̀

Inú ìyàwó mi máa ń wú lẹ́yìn oúnjẹ, á sì kún fún afẹ́fẹ́. Onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ní kí ó yọ ẹ̀wà, mílíìkì, búrẹ́dì, àlùbọ́sà àti ááyù kúrò fún ìgbà díẹ̀, kí ó wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní a ó jọ ṣe é ni. Kò yẹ kí ó máa dá oúnjẹ tirẹ̀ jẹ nínú ilé ara rẹ̀.

Búrẹ́dì kò le, iṣu àti ẹ̀kọ wà ńlẹ̀. Àlùbọ́sà gan-an ló dà wá láàmú. Ọbẹ̀ ata tẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì tún wà nínú ọ̀pọ̀ mágí tí a ń rà lọ́jà.

Ohun tó yanjú rẹ̀ nìyí: ṣúgà inú àlùbọ́sà tó ń fa afẹ́fẹ́ máa ń yọ́ sínú omi, kì í yọ́ sínú òróró. Mo máa ń gé àlùbọ́sà ńláńlá sínú òróró gbígbóná, tí òórùn rẹ̀ bá ti jáde dáadáa, n ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí ata tó wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ata kàn án o, torí omi ata á fa ṣúgà náà jáde. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gé ewé àlùbọ́sà sí i, kìkì apá tó jẹ́ àwọ̀ ewé, kì í ṣe ìdí rẹ̀ funfun.

Mílíìkì kò ṣe é ní nǹkan kan, ó ti padà sínú ògì rẹ̀. Ẹ̀wà ló kù: à ń rẹ ẹ́ mọ́jú, à ń da omi rẹ̀ nù, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.