Kí ẹ tó ra oògùn irun

Ẹ̀yin ará Adó, ẹ rọra náwó sórí oògùn irun o. Báyótìn, fítámì tí wọ́n ń fi sínú oògùn irun, 30 máíkírógírámù rẹ̀ ló tó àgbàlagbà lójúmọ́, ẹyin sì ní in. 10,000 ni wọ́n kọ sára ike oògùn irun míràn! Bí ara yín kò bá ṣaláìní in, kò ní mú irun yára hù. Ó tún lè da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú, pàápàá ti táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó. Fítámì A tó pọ̀ jù gan-an máa ń já irun.

Bí irun bá ń já káàkiri orí, ẹ ṣe àyẹ̀wò ferritin, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí áyọ́ọ̀nù (iron) tí ara tọ́jú pamọ́ ṣe pọ̀ tó. Iyán dùn lóòótọ́, àmọ́ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹran ni irun ń jẹ. Bó bá jẹ́ iwájú orí nìkan ló ń pá, ẹ sọ fún onídìrí kó dẹwọ́: irun dídì tó ń yọ kókó wẹ́wẹ́ níwájú orí ti le jù.