Bẹ́ ẹ ṣe lè yanjú integral tó ní sin àti cos

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Panseke níbí, tí wọ́n bá ti rí ∫sin³x cos²x dx báyìí, wọ́n á ní "bùrọ̀dá, èyí ti le jù". Kò le jàre. Páwà orí wọn lẹ máa kọ́kọ́ wò, èwo ni kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba? Sin ló ní 3, torí náà ẹ yọ sin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ku sin²x, ẹ sọ ìyẹn di 1 − cos²x (torí sin²x + cos²x = 1), ẹ wá ní u = cos x, du á di −sin x dx, sin tẹ́ ẹ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló wúlò báyìí. Ó di −∫(1 − u²)u² du, ìyẹn ∫(u⁴ − u²)du, ìdáhùn wá jẹ́ cos⁵x/5 − cos³x/3 + C.

Máínọ́ọ̀sì inú du yẹn ẹ má gbàgbé ẹ̀ o! Lálẹ́ àná tí wọ́n mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ṣe é, èmi gan-an fò ó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya bébà yẹn.

Tó bá jẹ́ sin²x nìkan ńkọ́? Yíyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, (1 − cos 2x)/2 lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀, ẹ máa rí x/2 − (sin 2x)/4 + C. 4 ni o, kì í ṣe 2, torí 2x tó wà nínú cos tún pín in sí méjì sí i. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ differentiate ìdáhùn yín padà, ó gbọ́dọ̀ gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.