Kó o tó kó owó lé sukúù fíìmù lọ́wọ́

Sátidé tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fọ́ọ̀mù sukúù fíìmù mẹ́ta wá bá mi ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ó ní "Àǹtí, ẹ bá mi mú ọ̀kan níbẹ̀." Mo ní mi ò ní bá ẹ mú nǹkankan, lọ mú bírò wá.

Owó tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Kọ owó ilé sí i, owó mọ́tò, oúnjẹ, dátà, láptọ́ọ̀pù tó lè ẹ́díìtì (èyí tó jẹ́ Facebook nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí kò lè ṣe é o), kó o tún wá kọ owó fíìmù tó o máa fi parí ẹ̀kọ́, torí níbi púpọ̀ ọmọ sukúù fúnra ẹ̀ ló ń ra oúnjẹ fáwọn òṣèré, òun náà ló ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Sukúù Èkó tí owó ẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ti Ìbàdàn, tó o sì máa lọ rẹ́ǹtì yàrá l'Ékòó, èrè wo ló wà níbẹ̀?

Tó bá jẹ́ digírì lo ń wá, Theatre Arts wà ní UI níbí, látìgbà tó ti ń jẹ́ School of Drama ló ti lórúkọ, JAMB lo máa gbà wọlé. Àmọ́ tíátà ni gbòǹgbò ibẹ̀ o, tó bá jẹ́ kámẹ́rà ló ń pa ẹ́ bí ọtí, o máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ wá a kún un. National Film Institute ní Jọ́ọ̀sì, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, torí fíìmù gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ló jìn. Owó yíyá NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, kò ní èlé, ṣùgbọ́n sukúù ìjọba nìkan ló wà fún, má fọkàn sí i fún ti aládàáni. MultiChoice Talent Factory, ẹ̀kọ́ fíìmù tí iléeṣẹ́ tó ni DStv bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2018, àwọn ló máa ń sanwó fún ẹni tí wọ́n bá mú, àmọ́ àwọn tí wọ́n máa ń mú kéré gan-an, kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń mú èèyàn.

Bó o ṣe máa mọ èyí tó dáa nínú wọn wá ńkọ́? Ibí lèmi ti jìn sí kòtò. Sukúù kan tí mo sanwó fún nígbà yẹn, a lé ní ọgbọ̀n, kámẹ́rà kan ṣoṣo, bátìrì ẹ̀ kì í pé ogún ìṣẹ́jú tó fi máa kú, ẹsẹ̀ tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé) kan wà tí wọ́n fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so. Oṣù mẹ́ta gbáko, igi maikirofóònù ni mò ń gbé lé èjìká.

Torí náà béèrè iye ọjọ́ tí ìwọ fúnra ẹ máa fi ya fíìmù. Ká ní sukúù kan gba 600,000 náírà, ọjọ́ mẹ́fà péré lo máa yà, 100,000 lọjọ́ kan nìyẹn. Òmíì gba 900,000, ọgbọ̀n ọjọ́ lo máa yà, 30,000 péré ni. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì? Lẹ́yìn náà ní kí wọ́n fi fíìmù tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣe hàn ẹ́, kó o dijú, kó o máa gbọ́ ọ. Àwòrán rọrùn láti tún ṣe, sáùǹdì ló máa ń tú àṣírí sukúù, tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lò ń gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré lọ, dìde jàre. Wo orúkọ àwọn olùkọ́ náà, ṣé ó wà lẹ́yìn fíìmù kankan láti bí ọdún méjì? Kó o sì béèrè bóyá wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀.

Má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe àlejò o, lọ lọ́jọ́ Túsìdeè kan ṣáá, ní kí wọ́n ṣí yàrá kámẹ́rà.

Ọmọ yẹn lọ lóòótọ́. Ó pè mí látẹnu géètì èyí tó wọ́n jù, ó ní "Àǹtí, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ẹ̀ kò wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Mo ní kó máa bọ̀ nílé.